Mustang GT 2006 mi ń mísì ní sìlíńdà 4: ṣé kí n fọwọ́ ara mi tú pílọ́ọ̀gì rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston · Ajé, 7:12 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mustang GT 2006 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì 4.6 onífáàfù mẹ́ta, jíà ọlọ́wọ́, máìlì 98,000 ló ti rìn. Tí mo bá tẹná ní jíà kẹrin láti gun afárá, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ check engine á sì máa ṣẹ́jú. Kóòdù tó jáde ni P0304. Tó bá wà ní sílóò, tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Pílọ́ọ̀gì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó tú u rí.

Àwọn tí mo gbé e lọ bá ní kí n kọ́kọ́ buwọ́ lùwé pé tí pílọ́ọ̀gì bá kán sínú, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn, èmi ni máa san án. Mo ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ní torque wrench (sípánà tó ń ka agbára ọwọ́), gáréèjì sì wà. Ṣé lóòótọ́ ni pílọ́ọ̀gì ọkọ̀ yìí máa ń kán? Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe é tí kò fi ní kán? Àbí kí n kúkú buwọ́ lùwé fún wọn?

Bàbá V8 · Chicago · Ajé, 8:40 àárọ̀

Òótọ́ ni, àbúrò. Wọn ò purọ́ fún ẹ, wọ́n sì gbọ́n bí wọ́n ṣe ní kí o buwọ́ lùwé.

Pílọ́ọ̀gì ọkọ̀ mìíràn, ibi tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ parí sí lòun náà parí sí, ẹnu lásán ló yọ sínú sìlíńdà. Tìrẹ yìí, lẹ́yìn tírẹ́ẹ̀dì, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣófo nínú tún gùn wọnú tọ́ọ̀pù sìlíńdà lọ, bí àkọ̀ ọ̀bẹ. Irin kan náà kọ́ ni àkọ̀ yẹn àti ara pílọ́ọ̀gì. Ṣe ni wọ́n fún wọn pọ̀ mọ́ra. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, màjàlà á máa dì sí àlàfo tó wà láàárín àkọ̀ àti ihò tó wọ̀, á le bí òkúta. Tí o bá wá fi agbára tú u, òkè á yí, àkọ̀ á lóun ò lọ. Ibi tí wọ́n ti fún wọn pọ̀ ló máa já. Òkè á bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, àkọ̀ á kù sínú ihò, nígbà mìíràn tòun ti tánganran àárín rẹ̀.

Àti 4.6 àti 5.4 onífáàfù mẹ́ta ló ní àrùn yìí, kì í ṣe Mustang nìkan. Àwọn tó ni F-150 àti Expedition mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbà tí ọdún 2007 ń parí lọ ni Ford yí tọ́ọ̀pù sìlíńdà padà tó sì fi pílọ́ọ̀gì mìíràn sí i. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n tẹ̀ fún àwọn mẹkáníìkì wọn lórí bí wọn ó ṣe máa tú ti àtijọ́ ni TSB 08-7-6. Wá a kí o kà á kó o tó gbé sípánà.

Ayọ̀ Baltimore · Ajé, 9:05 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣé, àmọ́ a ti ń sáré ju ọ̀nà lọ. P0304 kò sọ pé pílọ́ọ̀gì ló bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé sìlíńdà 4 ń mísì, pé epo inú rẹ̀ kì í jó dáadáa. Ọkọ̀ tó dáa ní sílóò tó wá ń mísì nígbà tó bá ru ẹrù, kọ́ìlì, ohun tó ń fún pílọ́ọ̀gì ní iná, ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, pàápàá rọ́bà tó sọ̀ kalẹ̀ láti ara kọ́ìlì dé orí pílọ́ọ̀gì.

Kíkà sìlíńdà nìyí, kí ẹ má bàa lọ tú èyí tí kò ṣe nǹkan kan: 1 sí 4 wà ní ẹ̀gbẹ́ èrò, láti iwájú lọ sẹ́yìn. 5 sí 8 wà ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. 4 tiyín ni ti ẹ̀yìn pátápátá lápá ọ̀tún, lábẹ́ ibi tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, nítòsí ògiri tó ya ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò níbi tí èèyàn ń jókòó sí. Èyí tó nira jù nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ nìyẹn.

Bóòtù kan ṣoṣo ló di kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan mú, sọ́kẹ́ẹ̀tì 7mm ló wọ̀ ọ́. Pa ọkọ̀, yọ kọ́ìlì 4, gbé e sí 1, gbé ti 1 sí 4. Pa kóòdù rẹ́, kí ẹ lọ gun afárá yín. Tó bá di P0301, kọ́ìlì ló jẹ̀bi, pílọ́ọ̀gì ò tíì dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Tó bá ṣì jẹ́ P0304, ẹ padà wá síbí. Nígbà tí ẹ bá yọ rọ́bà yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná: tí ẹ bá rí ìlà funfun tàbí dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn irun tó sáré láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni iná ń gbà sá. Wọ́n ń ta rọ́bà àti sípíríǹgì inú rẹ̀ lọ́tọ̀, kò di dandan kí ẹ ra odidi kọ́ìlì.

Ẹ wo inú ihò náà pẹ̀lú, bóyá omi wà níbẹ̀. Àwọn tó ń fi pọ́ńpù fọ ẹ́ńjìnnì ló máa ń dá èyí sílẹ̀.

Ọba Ladipo · Mushin, Èkó · Ajé, 2:31 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ ti kàwé jù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ gbé impact (ẹ̀rọ tó ń gbá nọ́ọ̀tì tú) lé e, tààràtà: tará, ó ti yọ. Irin tó gbóná a máa fẹ̀, pílọ́ọ̀gì á túra. Tí ẹ bá ń fi ọwọ́ rọra yí i bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò oyin, ẹ ń yí àkọ̀ yẹn lọ́rùn nìyẹn. Impact kì í fún un láyè láti yí lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe F-150 níbí nìyẹn.

Bàbá V8 · Chicago · Ajé, 5:16 ìrọ̀lẹ́

Ọba, mi ò ní sọ pé ọ̀nà yẹn kì í yọ ọ́ nígbà kan. Àwọn kan níbí náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀.

Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sìlíńdà yìí, irin ni pílọ́ọ̀gì. Lóòótọ́, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ju irin lọ tó bá gbóná. Àmọ́ ó tún máa ń rọ̀. Tírẹ́ẹ̀dì tó wà lára rẹ̀ á fẹ́ bá pílọ́ọ̀gì jáde, bí kò bá jáde tán á ha. Ẹni tó kán àkọ̀ ṣì lè fi irinṣẹ́ fà á yọ. Ẹni tó ha tírẹ́ẹ̀dì ni kò rẹ́ni bá a dá sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, màjàlà kì í ṣe irin. Ooru tó wà lára ẹ́ńjìnnì lásán kò tú u, kẹ́míkà ló ń tú u. TSB yẹn sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú u nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tàbí tó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ọba Ladipo · Mushin, Èkó · Ajé, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ti tírẹ́ẹ̀dì yẹn, mo gbà. Ti impact, mi ò tíì gbà.

Àǹtí Wrench · Michigan · Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n to iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, kí Ọmọ Ìjẹ̀bú lè rí nǹkan tẹ̀ lé tí kọ́ìlì kò bá jẹ̀bi.

Ọjọ́ méjì ni kí o fi ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù débi tí o lè tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé tọ́ọ̀pù sìlíńdà kí o gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Tú orí dúdú bátìrì. Yọ kọ́ìlì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí o lẹ téèpù mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o kọ nọ́ńbà sí i. Wọ gíláàsì ojú, kí o fi ẹ̀fúùfù kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan mọ́. Iyanrìn tó bá kù síbẹ̀ lónìí ló máa já sórí písítíìnì lọ́la. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 9/16 íǹṣì tó jìn ni pílọ́ọ̀gì àtilẹ̀wá ń lò. Wo orí àwọn tuntun tí o rà kí o tó bẹ̀rẹ̀, torí orí àwọn kan yàtọ̀.

Wàyí o, tú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́jọ yíyí péré. Tí ọwọ́ sípánà bá wà ní agogo 12, gbé e padà sí 10:30, kí o dúró. Agogo 9 ni òpin. Ohun tí a ń wá kò ju kí ẹnu pílọ́ọ̀gì ṣí díẹ̀ kí omi lè ráyè wọ̀. Lẹ́yìn náà, da omi tí wọ́n fi ń fọ kàbúrétọ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, láti ìdajì ṣíbí tíì sí ṣíbí tíì kan, títí yóò fi bo orí pílọ́ọ̀gì díẹ̀. Má kún ihò dẹ́nu. Èyí tó bá pọ̀ jù, inú sìlíńdà ló ń lọ, omi kì í sì í ṣe nǹkan tí písítíìnì lè fún mọ́lẹ̀. Ọ̀pá písítíìnì ló máa tẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìwé Ford ní kó kéré jù. Ní tèmi, kó sùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, tún fi omi díẹ̀ kún èyí tó ti gbẹ. Máa tú u ní ìdajì yíyí, kí o dá a padà, kí o tún tú u, kí o tún dá a padà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí agbára ọwọ́ rẹ má ju 33 lb-ft, ìyẹn 45 Nm. Tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, dá a padà, bu omi sí i, kọjú sí òmíràn ná.

Etí ni kí o fi ṣiṣẹ́ yìí. Pílọ́ọ̀gì tó ń bọ̀ láìkán máa ń ké: fííín, fííín, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Ó máa ń wúwo lọ́wọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àkọ̀ ló ń bá òkè yí. Tí igbe yẹn bá dákẹ́ lójijì, tí sípánà sì ṣàdédé fúyẹ́, má tan ara rẹ jẹ pé ó ti gbọ̀n. Ó ti kán.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde, tò wọ́n sórí pátákó ní ìlà kan. Gígùn wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Èyí tó bá kúrú láàárín wọn ti fi àkọ̀ sílẹ̀ sínú.

Kí o tó fi tuntun sí i: fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi tó kù jáde nínú sìlíńdà. Fi aṣọ bo àwọn ihò, dá orí bátìrì padà, jẹ́ kí kọ́ìlì wà ní yíyọ, tẹ kilọ́ọ̀ṣì, tẹ tọ́tù, ibi tí a fi ń tẹná, mọ́lẹ̀ pátápátá, kí o wá yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Tí tọ́tù bá wà nílẹ̀ pátápátá nígbà tí ò ń yí kọ́kọ́rọ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yìí kò ní fún epo. Má gbé ojú rẹ sókè ihò kankan. Parí rẹ̀ pẹ̀lú pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kúọ́ọ̀tì 6 tí 5W-20 àti fítà tuntun, torí lára omi yẹn ti gba ara ríǹgì sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀.

Ayọ̀ Baltimore · Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀

Àǹtí, gbogbo rẹ̀ ló dúró. Ẹ kò sọ ti dídá tuntun sí i. Ọwọ́ ni kí ó kọ́kọ́ fi dè é, kì í ṣe ratchet: kó ki orí pílọ́ọ̀gì bọ inú rọ́bà kékeré kan, kó máa fi rọ́bà yẹn yí i. Tírẹ́ẹ̀dì tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, rọ́bà á yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ni 25 lb-ft, 34 Nm. Kó fi dielectric grease (gíríìsì tí kì í gbé iná) tín-ń-tín sí ẹnu rọ́bà kọ́ìlì. Bóòtù kọ́ìlì, kó rọra fún un, kékeré ni.

Tó bá jẹ́ ọ̀nà tèmi, màá fi anti-seize (ohun tí kì í jẹ́ kí irin há mọ́ra) sí tírẹ́ẹ̀dì kí èyí tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú lè rọrùn.

Àǹtí Wrench · Michigan · Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Rárá o. Ara àkọ̀ nìkan ni anti-seize ń lọ, kì í ṣe tírẹ́ẹ̀dì. Oníníkẹ́ẹ̀lì ni, torí ooru ibẹ̀ pọ̀. Kó tín-ínrín bí ìgbà téèyàn fi àdí pa ara ọmọ, kó má kan irin kékeré tó tẹ̀ síwájú ẹnu iná. 25 lb-ft yẹn, tírẹ́ẹ̀dì gbígbẹ ni wọ́n ṣírò rẹ̀ fún. Tírẹ́ẹ̀dì tó bá ń yọ̀, torque wrench á ṣì kà 25, ṣùgbọ́n ohun tó ń fa alumíníọ̀mù á ti ju ìyẹn lọ dáadáa.

Ayọ̀ Baltimore · Ìṣẹ́gun, 8:19 àárọ̀

Ó yé mi. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ti Àǹtí ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kúnlé Camaro · London · Ìṣẹ́gun, 12:55 ọ̀sán

Gbogbo wàhálà yìí lórí pílọ́ọ̀gì! Tà á. Camaro SS 2010, ẹ́ńjìnnì LS3, 426 hp, pílọ́ọ̀gì rẹ̀ ń yọ bí eyín ọmọdé. Tirẹ yìí, 300 hp ni wọ́n bí i mọ́. Fáàfù mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń yí táímìn padà lórí camshaft (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) méjèèjì tí yóò máa kan tá-tá-tá lọ́jọ́ kan... Pushrod, èyí tó ń fi ọ̀pá ti fáàfù ṣí, ni ẹ́ńjìnnì gidi.

Bàbá V8 · Chicago · Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán

Kúnlé, tó o bá máa ta ọjà fún èèyàn, ṣàlàyé ọjà tán. SS 2010 oníjíà ọlọ́wọ́ nìkan ló ní LS3 àti 426 hp. Èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, L99 ló wà nínú rẹ̀, 400 hp, ó sì máa ń pa sìlíńdà mẹ́rin láti fi tọ́jú epo. Lifter (irin tó ń gbé fáàfù) tó ń ṣiṣẹ́ pípa yẹn ni àrùn rẹ̀: ó há, ó ń jẹ camshaft, o sì ní láti ṣí tọ́ọ̀pù sìlíńdà kó o tó rí i yọ. Èyí jù àkọ̀ pílọ́ọ̀gì lọ.

Ẹni tó bá sì fẹ́ sá lọ bá Challenger, kó rántí pé ẹ́ńjìnnì Hemi rẹ̀ ní pílọ́ọ̀gì méjì lórí sìlíńdà kan. Mẹ́rìndínlógún ló máa rà.

Tó bá jẹ́ Mustang ló wù ú tí kò fẹ́ wàhálà yìí, 2011 lọ sókè ni: ẹ́ńjìnnì Coyote 5.0, 412 hp. Òun náà ní tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pílọ́ọ̀gì tó ń kán.

Kúnlé Camaro · London · Ìṣẹ́gun, 2:03 ọ̀sán

Ti L99 yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nípa pushrod, orí rẹ̀ ni mo dúró sí.

Tokunbo GT · Ìbàdàn · Ọjọ́rú, 9:27 àárọ̀

Ẹ forí jì mí, mo fẹ́ dá sí i díẹ̀. GT 2007 ló ń bọ̀ nínú kọ̀ńténà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ti àtijọ́ ni tọ́ọ̀pù sìlíńdà rẹ̀ àbí tuntun? Ẹ̀ẹ̀kejì, mẹkáníìkì ní 20W-50 ni òun máa da sí i torí ooru ilẹ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹni tó tà á ní wọ́n ti fi tune 91 (ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yí padà fún epo 91) sí i, mo sì gbọ́ pé 91 náà ni epo Nàìjíríà, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀.

Ayọ̀ Baltimore · Ọjọ́rú, 10:02 àárọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí ẹ̀kẹta yẹn o! 91 méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Amẹ́ríkà máa ń ro ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń wọn bí epo ṣe lè yàgò fún kíkàn nínú ẹ́ńjìnnì pọ̀, RON àti MON, wọ́n á pín in sí méjì, òun ni wọ́n ń kọ sára pọ́ńpù. 91 tiwọn tó RON 95 tàbí 96. RON lásán ni Nàìjíríà àti ilẹ̀ Yúróòpù ń kà. RON 91 tiwa kò ju nǹkan bíi 87 Amẹ́ríkà lọ.

Èyí ni pé ọkọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, 87 ló ń mu, epo Ìbàdàn á bá a mu tí epo bá jẹ́ ojúlówó. Ṣùgbọ́n tune 91 ti sún táímìn iná síwájú fún epo tó dára ju ìyẹn lọ. Tí ẹ bá da tiwa sí i, á máa kan nínú, bí ìgbà tí wọ́n ń mi owó ẹyọ nínú agolo, nígbà tí ẹ bá tẹná ní jíà gíga. Ẹ ní kí ẹni tó tà á dá tune àtilẹ̀wá padà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi tune rẹ̀ ló máa ń tọ́jú ti àtilẹ̀wá sínú, ara ọkọ̀ kan ṣoṣo yẹn náà ló sì máa ń dè mọ́. Tí ẹ̀rọ yẹn bá kù sí Amẹ́ríkà, wàhálà ni.

Ọba Ladipo · Mushin, Èkó · Ọjọ́rú, 11:15 àárọ̀

Ti 20W-50, ẹ sọ fún mẹkáníìkì yẹn pé kó dá ọwọ́ dúró. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe Peugeot 504. Ọ́ìlì ló ń ti phaser (ẹ̀rọ tó ń yí táímìn padà) tó wà lórí camshaft, ihò abẹ́rẹ́ ló ń gbà, ó sì ń gba inú asẹ́ kékeré kan kọjá. Ọ́ìlì tó bá ki, kì í tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀. Kóòdù P0011, P0012, P0021, P0022 á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa pààrọ̀ sensor kiri. 5W-20 tó jẹ́ ojúlówó ni. Ojúlówó ni mo wí o, kì í ṣe èyí tí wọ́n tún rọ sínú jálá. Ẹ wo èdìdì ẹnu rẹ̀.

Bàbá V8 · Chicago · Ọjọ́rú, 1:22 ọ̀sán

Mo fara mọ́ Ọba lórí èyí pátápátá, mo kàn fẹ́ fi kún un pé 5W-30 kò ní ba nǹkan kan jẹ́ níbi tí ooru pọ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ń mú èèyàn dúró fún wákàtí méjì. Nípa ìbéèrè àkọ́kọ́: wo rọ́bà kọ́ìlì. Dúdú, tọ́ọ̀pù sìlíńdà àtijọ́. Àwọ̀ ilẹ̀, tuntun.

Àǹtí Wrench · Michigan · Ọjọ́rú, 1:58 ọ̀sán

Bàbá, rọ́bà yẹn ni wọ́n ń pààrọ̀ jù nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ wo sítíkà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe kí November 2007 tó dé, ẹ kà á sí ti àtijọ́. Tó bá jẹ́ ìparí ọdún yẹn, ẹ wo nǹkan méjèèjì pọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston · Ẹtì, 8:33 alẹ́

Àbọ̀ rèé. Mo gbé kọ́ìlì 4 sí 1, P0304 kò kúrò lójú kan. Mo fi rọ́bà tuntun sí i, kò kúrò. Nítorí náà, mo tú gbogbo wọn ní 10:30 lálẹ́ àná, wọ́n sùn mọ́ omi. Láàárọ̀ yìí, meje ké fííín, wọ́n sì jáde ní odindi. Nọ́ńbà 4 ké lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Òkè nìkan ló bọ́, ìsàlẹ̀ tánganran ṣì wà nínú àkọ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Kí ni ṣíṣe?

Àǹtí Wrench · Michigan · Ẹtì, 8:51 alẹ́

O ṣeun tí o kò fọwọ́ kàn án. Má ki ìṣó tàbí súkúdíráfà kankan bọ̀ ọ́.

Irinṣẹ́ tí o máa rà ni Lisle 65600, inú àkọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Mẹ́ta ni iṣẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́, ọ̀pá kan á wọ tírẹ́ẹ̀dì tọ́ọ̀pù sìlíńdà, á rọra ti tánganran sísàlẹ̀ nínú àkọ̀ kí òkè àkọ̀ lè ṣófo. Rọra yí i, ìgbà tó bá ti dé òpin tirẹ̀ kí o dúró. Ẹ̀ẹ̀kejì, irin tó ń gé tírẹ́ẹ̀dì á wọ inú àkọ̀. Fi gíríìsì tó ki kún àwọn ojú rẹ̀ kí èérún irin lè lẹ̀ mọ́ ọn dípò kó já sínú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀pá tó ní nọ́ọ̀tì á dè mọ́ tírẹ́ẹ̀dì tuntun yẹn, o máa yí nọ́ọ̀tì, àkọ̀ á máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí o tó yí nọ́ọ̀tì, tún fi omi ìfọ-kàbúrétọ̀ sí i, fún un ní wákàtí kan.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ti ẹ̀yìn ni, o máa nílò extension àti dígí kékeré. Lẹ́yìn tó bá jáde, ka ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ: àkọ̀, irin kékeré ẹnu iná, tánganran. Tí ọ̀kan bá dín, borescope (kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọnú ihò) ni. Mágínẹ́ẹ̀tì lè gbé irin, kò lè gbé tánganran. Fún tánganran, so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹnu vacuum, kí o máa gbá a káàkiri orí písítíìnì. Má yí kọ́kọ́rọ́ títí o fi rí gbogbo rẹ̀. Èérún tánganran kan tó bá há sábẹ́ fáàfù, tọ́ọ̀pù sìlíńdà ló máa mú ọ ṣí.

Ọba Ladipo · Mushin, Èkó · Ẹtì, 9:14 alẹ́

Nípa pílọ́ọ̀gì tuntun: má ra alápá méjì padà. Champion 7989 tàbí Autolite HT1, irin kan náà ni wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí wọ́n fún pọ̀ kò sí níbẹ̀, kí ni yóò já?

Ayọ̀ Baltimore · Ẹtì, 9:40 alẹ́

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n màjàlà á ṣì dì sí i lára. Kó má dúró di máìlì 100,000 mọ́. Ní 50,000, kó tú wọn, kó wò wọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston · Àìkú, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ó jáde. Àkọ̀, irin ẹnu iná, tánganran, gbogbo rẹ̀ pé. Lára òkè tó kọ́kọ́ bọ́, tánganran ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ìlà náà dúdú. Bóyá ibẹ̀ ni iná ń gbà sá látọjọ́ yìí. HT1 mẹ́jọ ni mo fi sí i, 25 lb-ft, anti-seize sára àkọ̀ nìkan. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì. Mo gun afárá ní jíà kẹrin, kò gbọ̀n, kóòdù kò padà. Sílóò rẹ̀ lọ sókè-sódò díẹ̀ ní máìlì mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Bàbá V8 · Chicago · Àìkú, 4:31 ìrọ̀lẹ́

Torí o tú bátìrì ni. Kọ̀ǹpútà ń kọ́ sílóò padà. O kú iṣẹ́, àbúrò.

Bísí V6 · Atlanta · Àìkú, 10:18 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, V6 2006 ni tèmi o, ọlọ́lítà 4.0. Ṣé ti pílọ́ọ̀gì yìí kàn mí?

Àǹtí Wrench · Michigan · Ajé, 6:02 àárọ̀

Kò kàn ọ́. Pílọ́ọ̀gì tìrẹ dà bí ti gbogbo ayé. Ṣéènì táímìn ni kí o máa fetí sí. Nígbà tó bá tutù láàárọ̀, tí o bá gbọ́ kára-kára-kára fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lẹ́yìn tó bá jí, ọ̀rá tó ń tọ́ ṣéènì sọ́nà ti ń fọ́ nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ṣéènì náà wà ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì sábà máa ń gbé odidi ẹ́ńjìnnì sọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ṣí ìbéèrè tuntun fún un, kí o kọ máìlì rẹ̀ sí i.